Ọta Mẹ́wàá àti Ọta Igba: Ìtàn Ìbọn Ọ̀dà àti Irú Eré Tí Ó Ń Bí

Mo mọ̀ pé olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa bọ̀ lórí ètò yìí, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ọ̀pọ̀ mìíràn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa retí ìtàn ọba tàbí ìtàn ogun. Ìtàn eré ni mo gbé wá lónìí, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà kan dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìbọn tí kì í pani ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ fi àkókò yín ṣòfò. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí irinṣẹ́ lè sọ ènìyàn dà, ibi eré ni ó ti máa ń tètè hàn. Níbi eré, kò sí ebi, kò sí ọ̀tá tòótọ́. Kò sí ohun tí ó ń darí ènìyàn níbẹ̀ ju irinṣẹ́ tí ó mú dání lọ, àti òfin tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ gbà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a fà yọ nínú ìtàn náà. Iye ọta tí ó wà lọ́wọ́ eléré ni ó ń pinnu irú eré tí yóò ṣe. Ẹni tí ọta rẹ̀ kò tó nǹkan a máa ronú, a máa rìn, a sì máa fetí sílẹ̀. Ẹni tí ọta rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lópin a máa dúró sójú kan, a sì máa rọ ọta bí òjò. Àwọn tí wọ́n dá eré yìí sílẹ̀ fi ọta díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé wọn sọ ọ́ di púpọ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ padà sí díẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi padà ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ìbọn tí a ṣe nítorí igi àti màlúù

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo ń pè ní ìbọn ọ̀dà. Ìbọn tí ó ń fi agbára gáàsì ta ọta roboto kan jáde ni. Ọta náà kò ní irin nínú. Èèpo rẹ̀ rọ̀. Irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe èèpo hóró oògùn olómi tí a ń gbé mì náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Inú rẹ̀ kún fún omi aláwọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà 17 lọ. Bí ó bá ba ènìyàn, yóò fọ́, yóò sì fi àmì sí i lára. Ẹni tí ó bá ti gba àmì ti kú nínú eré nìyẹn. Yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò sì jáde kúrò lórí pápá.

Kì í ṣe nítorí eré ni wọ́n ṣe é rárá. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní Nelson, tí ó ń ta ọ̀dà fún àwọn òṣìṣẹ́ igbó. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni láti fi àmì sára igi tí a ó gé àti èyí tí a ó dá sí. Ṣùgbọ́n igi kan lè wà ní òdìkejì odò, òmíràn sì lè wà láàrin ẹ̀gún tí ẹsẹ̀ kò lè dé. Wọ́n wá ronú ìbọn tí yóò máa ta ọ̀dà láti òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ Crosman ṣe ọ̀kan fún wọn ní àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ kò yá. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Daisy, tí gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ̀ mọ́ ìbọn afẹ́fẹ́ àwọn ọmọdé, ṣe òmíràn. Nelson sì ń tà á ní àwọn ọdún 1970 lábẹ́ orúkọ Nel-Spot 007. R. P. Scherer, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe èèpo hóró oògùn, ni ó ń bá wọn ṣe ọta rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn darandaran náà fi ń lò ó láti fi àmì sára màlúù.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìbọn náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan dùbúlẹ̀ sí i lára, ó ń gba ọta bíi 10. Ìgò gáàsì kékeré tí ìwọ̀n gáàsì inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 12 ni ó ń fún un lágbára. Bí a bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, a ní láti fi ọwọ́ fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, a ó yí ìbọn náà sódì díẹ̀ kí ọta mìíràn lè yí wọlé fúnra rẹ̀, a ó sì ti irin náà padà. Ìgbà yẹn ni a tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹni tí ìyẹn ń ni lára, nítorí pé igi kì í sá.

Ọkùnrin tí kò yìnbọn

Àríyànjiyàn ọ̀rẹ́ méjì ni ó sọ irinṣẹ́ yìí di ohun eré. Charles Gaines jẹ́ òǹkọ̀wé tí ń gbé ní New Hampshire, ìpínlẹ̀ tí igbó pọ̀ sí. Hayes Noel, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń ra ìpín ìdókòwò, ó sì ń tà á, ní New York. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni pé, bí a bá kó ará ìlú ńlá àti ará oko sínú igbó tí kálukú ń wá ọ̀nà àtilà, ta ni yóò là? Noel sọ pé ẹni tí ó bá ti lè yè láàrin wàhálà New York yóò yè níbi gbogbo. Gaines ní rárá, ọgbọ́n igbó yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n rí ìbọn ọ̀dà, wọ́n rí ọ̀nà tí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà láìpa ara wọn lára. Ẹnì kẹta wọn, Bob Gurnsey, tí ń ta ohun èlò eré ìdárayá, ni ó to òfin eré náà.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún 1981, ọkùnrin 12 wọ inú igbó ní Henniker, ní New Hampshire. Kò sí ẹgbẹ́ kankan. Kálukú ló dá dúró. Wọ́n ti fi àsíá sí ibùdó mẹ́rin káàkiri inú igbó náà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú àsíá kọ̀ọ̀kan ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, tí ó sì jáde láìgba àmì ọ̀dà, òun ni ó borí.

Ẹni tí ó borí ni Ritchie White, ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ igi igbó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí: kò yin ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ó ń yọ́ rìn láti ibùdó kan sí èkejì, ó ń fara pamọ́, ó ń mú àsíá. Àwọn tí wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò ta ni wọ́n ń ta ara wọn. Ọgbọ́n ju agbára lọ, ni àwọn baba wa máa ń wí. White kò mọ òwe wa, ṣùgbọ́n ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ gbé gbogbo iyì náà fún White nìkan. Irinṣẹ́ ọwọ́ àwọn yòókù ní ìpín tirẹ̀ nínú ìṣẹ́gun rẹ̀. Bí ẹnìkan bá rí i fìrí láàrin igi, tí ó yìnbọn, tí ó sì tàsé, kí ó tó fa irin, kí ó tó yí ìbọn sódì, kí ó tó ti irin padà, White ti lọ. Ìbọn tí ó ń lọ́ra ni ó fún ẹlẹ́sẹ̀ rírọ̀ láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìgbésí ayé àwọn ọdẹ wa tí ń lo ṣakabùlà yóò tètè yé. Ọdẹ tí ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ni òun lè yìn kí ẹran tó sá kì í yìn láti òkèèrè. A máa wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, a sì máa sún mọ́ ọn títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ìbọn rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní sùúrù.

Ọ̀kan nínú àwọn eléré ọjọ́ náà jẹ́ akọ̀ròyìn. Ó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Sports Illustrated ní ọdún 1981 kan náà, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bí àwọn náà ṣe lè ṣe é. Gurnsey àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní National Survival Game, wọ́n sì ń ta ohun èlò àti òfin eré náà káàkiri. Ẹgbẹ́ méjì tí ń du àsíá ara wọn ni ó wá di àṣà lórí ọ̀pọ̀ pápá.

Ìgbà tí ọta di òjò

Ẹ jẹ́ kí n fi ayò ọlọ́pọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú ọpọ́n, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan nínú ilé 12. Olówó kò lè mú ọmọ ayò tirẹ̀ wá láti ilé kún un. Bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà ni ayò kú, tí ó di ìdíje àpò. Nínú eré ìbọn ọ̀dà, kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ka ọmọ ayò. Òfin kò sọ pé ọta mélòó ni ẹnìkan lè gbé wọ pápá. Ìbọn fúnra rẹ̀ ni ó ń ka iye fún wọn, nítorí pé kò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìbọn yí padà, kò sí òfin tí yóò di ààyè náà.

Ìyípadà náà kò ṣẹlẹ̀ lójijì. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn eléré fi ohun ìdìmú sí abẹ́ ìbọn kí ọwọ́ òsì lè máa fà á kíákíá. Wọ́n gbé ọ̀pá ọta dúró kí ọta lè máa já bọ́ láìyí ìbọn sódì. Wọ́n yọ ìgò gáàsì kékeré, wọ́n fi ìgò ńlá rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ohun kan lé orí ìbọn bí ẹni gbé igbá lé orí. N óò máa pè é ní igbá ọta. Igbá ọta kan a máa gba ọta tí ó tó 200. Láti ọta 10 ni a ti dé igba.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ìbọn tí ń kó ọta sẹ́nu fúnra wọn dé: ti ilé-iṣẹ́ Tippmann ní ìpínlẹ̀ Indiana, àti àwọn tí a ń pè ní Automag àti Autococker. Ìwọ fi ìka fà á ṣá, ọta yóò jáde. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, àwọn ìbọn oníbátìrì bíi Shocker àti Angel dé, tí ìka kàn ń fọwọ́ kàn lásán. Ọta kò lè máa já bọ́ láti inú igbá bí ìbọn ti ń béèrè fún un mọ́. Wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ kékeré sínú igbá láti máa rò ó. Ìgbà tí ó ṣe, àwọn líìgì tí ń ṣe ìdíje bẹ̀rẹ̀ sí fi òté lé ìyára ìbọn. Wọ́n ní kí ó má ju ọta 15 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì tún sọ ọ́ kalẹ̀ sí nǹkan bí 10 lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi ṣe é. Bí ìbọn bá ń ta ọta 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, igbá ọta 200 yóò tán ní ìṣẹ́jú àáyá 13 àti díẹ̀. Àpótí ọjà tí wọ́n fi ń ta ọta ọ̀dà a máa gba 2,000. Bí ẹnìkan bá tẹ ìka mọ́ ọn láìdúró, gbogbo rẹ̀ yóò tán kí ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ tó pé. Ẹ sì rántí pé owó ni ọta kọ̀ọ̀kan.

Pápá náà yí padà tẹ̀lé ìbọn. Nínú igbó, ewé àti ẹ̀ka a máa fọ́ ọta dànù. Ní ìlàjì kejì àwọn ọdún 1990, láti ilẹ̀ Faransé, àṣà tuntun kan tàn ká: wọ́n to àwọn tìmùtìmù ńlá tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí sórí pápá tí ó tẹ́jú, kí àwọn òǹwòran lè rí gbogbo rẹ̀. Níbẹ̀, bí rẹfirí bá ti fun fèrè, ẹnìkan yóò dojú ìbọn kọ ọ̀nà tí alátakò ní láti gbà, yóò sì máa ta ọta sójú ọ̀nà náà kí ó tó rí ẹnikẹ́ni. Alátakò yóò sáré wọ inú ọta bí ẹni sáré wọ inú òjò. Bí ó bá rí ibi sá pamọ́ sí, wọn yóò máa rọ ọta lé ibẹ̀ kí ó má lè yọjú, títí ẹlòmíràn yóò fi gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí i.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi gbọ́ òdì. Eré gidi ni èyí náà. Ó gba eré sísá, ó gba kí ẹgbẹ́ gbọ́ ara wọn yé, ó sì gba ìdánrawò púpọ̀. Mo ń sọ pé eré mìíràn ni. Nínú èyí, ọta ti di ògiri tí a fi ń sé ọ̀nà mọ́ ènìyàn. Ọmọ tuntun tí ó yá ìbọn lọ́jọ́ kìíní, tí kò ní owó ju ti ọta ìwọ̀nba lọ, tí ó sì bá onígbá ọta pàdé, kò lè rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́. Ohun tí yóò mú lọ sílé ni ara dídùn, kò sì ní padà wá. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bí àpótí ọta ṣe dé

Àwọn kan kò tilẹ̀ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ rárá. Ní gbogbo àkókò tí mo ń wí yìí, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wà tí wọ́n tẹpẹlẹ mọ́ ìbọn tí a ń fi ọwọ́ fà, ìgò gáàsì gíráàmù 12, àti ọ̀pá ọta tí ó dùbúlẹ̀. Àwọn ni wọ́n jẹ́rìí pé díẹ̀ lè dùn.

Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ọ̀nà tí ó mú díẹ̀ padà sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àpótí ọta. Àwọn ológun ń pè é ní mágásíìnì. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni tí a ń tì bọ abẹ́ ìbọn. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ni ó ń ti ọta sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tán, a ó yọ ọ́, a ó sì ti òmíràn bọ̀ ọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Tippmann ti ṣe ìbọn kan, SMG-60, tí ń gba ọta márùn-ún márùn-ún tí a tò sórí ìlà kan. Igbá ọta borí irú rẹ̀ nígbà náà, kò sì ṣòro láti mọ ìdí: ta ni yóò fẹ́ márùn-ún níbi tí igba wà?

Lẹ́yìn ọdún 2000 ni èrò yí padà. Àwọn eléré kan fẹ́ ìbọn tí ó jọ ti ológun, tí kò ní igbá lórí. RAP4 ní California ṣe irú rẹ̀. Ní Indiana, ilé-iṣẹ́ Tiberius Arms ṣe ìbọn ìléwọ́ kan, T8, tí ọta mẹ́jọ àti ìgò gáàsì kékeré jọ wà nínú àpótí kan ṣoṣo tí a ń tì bọ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ kí òótọ́ hàn níhìn-ín. Púpọ̀ nínú wọn kò wá sùúrù tàbí ọgbọ́n White. Ìrísí ni wọ́n wá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ra ìbọn nítorí ìrísí rẹ̀, iye ọta inú rẹ̀ yóò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀.

Ohun kejì ni ó wá fi ìdí àpótí ọta múlẹ̀. Ọta roboto kì í fò tààrà. Omi ni ó wà nínú rẹ̀, èèpo rẹ̀ sì ní ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ó bá rìn jìnnà díẹ̀, a máa ṣáko. Ọ̀nà tí onígbá ọta fi ń wo àrùn yìí sàn ni pé kí ó ta ogún ọta kí ọ̀kan lè bá. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe ọta tuntun kan tí a ń pè ní First Strike. Iwájú rẹ̀ dà bí ìlàjì ọta roboto, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ìrù ike tí ó ní ìyẹ́ kéékèèké tí ń mú un yí bí òòyì bí ó ti ń lọ. Ọta yìí ń lọ tààrà ju ti àtijọ́ lọ dáadáa, ó sì ń jìnnà jù ú lọ.

Ẹ wo bí ohun kan ti ń bí òmíràn. Ọta roboto kò ní orí, kò ní ìdí; bí ó ti wù kí ó já bọ́ láti inú igbá, yóò bá ẹnu ìbọn mu. First Strike ní orí, ó ní ìdí. Bí a bá dà á sínú igbá, òmíràn yóò kọ orí sísàlẹ̀, òmíràn yóò dábùú. Àfi kí a tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ọta tí ń lọ tààrà ní láti gba ìwọ̀nba. Ìrísí ọta ni ó sọ àpótí di dandan.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Dye, tí òkìkí rẹ̀ kàn fún ìbọn ìdíje tí ń yára, gbé ìbọn kan jáde tí ó ń lo àpótí ọta, tí a sì tún lè gbé igbá lé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Planet Eclipse ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ọ̀gá nínú ìbọn ìdíje, ṣe tirẹ̀, tí àpótí rẹ̀ ń gba ọta 20. Àwọn tí wọ́n ta òjò ti ń ta agboòrùn.

Irú eré tí àpótí ọta ń bí

Báwo ni ẹni tí ó ní àpótí ọta ṣe ń ṣeré? Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń kà. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń sọ pé mo ti ta méje, ó ku 13. Bí ó bá gbé àpótí mẹ́jọ ọlọ́ta ogún dání, 160 ni gbogbo rẹ̀; kò tó ohun tí ó wà nínú igbá kan ṣoṣo. Kò lè máa ta ojú ọ̀nà tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ní láti rí ènìyàn kí ó tó yìn.

Lọ́nà kejì, ó ń sún mọ́ni. Nítorí pé kò lè fi ọ̀pọ̀ ọta wo àìtọ́ ọta sàn, ó ní láti fi ẹsẹ̀ wò ó sàn. Igbó tún padà di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ewé gbígbẹ tún di ohun tí a ń ṣọ́ra láti tẹ̀. Alátakò tí ó wà lẹ́yìn igi náà kò sí lábẹ́ òjò ọta. Òun náà lè yọjú, ó lè yípo. Ọ̀rọ̀ náà wá di ti ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ẹnìkejì.

Lọ́nà kẹta, èyí tí ó dùn mọ́ mi jù, ó nílò ẹnìkejì rẹ̀. Àsìkò kan wà tí àpótí tán, tí ọwọ́ wà nínú àpò, tí ìbọn sì jẹ́ igi lásán. Ẹ̀rù wà nínú àsìkò náà. Ẹni tí ó gbọ́n kì í jẹ́ kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀ pọ̀. A máa ké sí i pé tèmi ti tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì dìde dúró fún un. Alátakò tí etí rẹ̀ là yóò gbọ́ igbe náà pẹ̀lú, yóò sì sáré sí wọn. Àìtó ni ó mú kí ènìyàn wá alábàárò. Àpọ̀jù kì í mú ni ké sí ẹnìkan.

Ẹ ó rí i pé ìwà White ni a ń ṣàpèjúwe yìí, ọdún pípẹ́ lẹ́yìn Henniker. Kò sí ẹni tí ó wàásù rẹ̀ fún wọn. Àpótí ọta ni ó wàásù.

Àwọn ìbéèrè tí kò ṣeé sá fún

Mo mọ̀ pé àwọn tí a jọ jókòó yóò ní àtakò, ó sì yẹ kí n kọ́kọ́ dá ara mi lẹ́jọ́. Wọn yóò ní: ṣé o kì í ṣe àgbà tí ń sọ pé ti àtijọ́ ni ó dára jù? Rárá o. Ìbọn alápótí kì í ṣe ti tálákà. Ọta First Strike kan wọ́n ju ọta roboto kan lọ púpọ̀púpọ̀. Bí alápótí kan bá sì wọ pápá tí àwọn onígbá ọta pọ̀ sí, ìyà ni yóò jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn alábòójútó pápá fi máa ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún alápótí nìkan, tàbí kí wọ́n fi òté lé iye ọta. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n àìtó kì í dúró bí kì í bá ṣe pé gbogbo ènìyàn jọ gbà á. Ẹnìkan kò lè dá fi ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ta ayò pẹ̀lú ẹni tí ó ní ogún nínú ilé kọ̀ọ̀kan.

Àtakò kejì wúwo jù. Ó dára kí eré kọ́ni ní sùúrù, ṣùgbọ́n kí ni ṣe tí irinṣẹ́ rẹ̀ fi jọ ìbọn ológun tó bẹ́ẹ̀? Ní oṣù kẹta ọdún 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìbọn tòótọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Winnenden, ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì pa ènìyàn 15. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ṣèjọba níbẹ̀ gbèrò láti fi òfin de eré ìbọn ọ̀dà pátápátá. Àríyànjiyàn pọ̀, wọ́n sì fi èrò náà sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n takò ó sọ pé kì í ṣe ọ̀dà ni ó pa àwọn ọmọ náà. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, òbí tí ó bá béèrè ohun tí ìrísí ń kọ́ ọmọ kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni ìrísí ìbọn àti iye ọta. Bí White ti ṣe borí, irinṣẹ́ àmì igi ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jọ ti ológun kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọgbọ́n àìtó lè rí i gbà láìra àwòrán ogun mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ni ti ojú. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ọ̀pọ̀ pápá fi òté lé ìyára ọta, pé kí ó má ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyára yẹn tó láti fọ́ ojú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, awò òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n ń lò, àwọn kan sì pàdánù ojú. Ìbòjú tí ó bo gbogbo iwájú orí ni ó wá di dandan. Ì báà jẹ́ onígbá, ì báà jẹ́ alápótí, ẹni tí ó bá bọ́ ìbòjú lórí pápá kò mọ eré, kò sì mọ ìtàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Bí ẹ bá padà sí kíláàsì yín lọ́la, n kò ní kí ẹ kọ́ ẹnikẹ́ni ní eré ìbọn ọ̀dà. Mo ní kí ẹ bi ara yín léèrè nípa irinṣẹ́ èyíkéyìí tí a bá gbé fún ọmọ: mélòó ni ó gbà kí ọmọ náà ní, kí sì ni iye náà ń sọ ọmọ dà? Ọmọ tí a fún ní ewé ìwé kan láti fi kọ àròkọ yóò ronú kí ó tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Ní Henniker, àwọn 12 wọ igbó, ọta wà nínú ìbọn gbogbo wọn. Ẹni tí ó mú ọta tirẹ̀ padà sílé ní pípé ni ó borí.

Alága, mo dá ọ̀rọ̀ dúró níbí, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè bẹ̀rẹ̀ sí bá mi jà.